Orin Tí Kò Gbọdọ̀ Falẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ló kọ́kọ́ mú mi fura sí i. Ìgbéjáde ni ọ̀rọ̀ náà.

Àwa olùkọ́ bíi mélòó kan jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì dirẹkitọ̀ wa tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé nígbà ìsinmi òwúrọ̀, ní kọ́léèjì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Bassila. Ọkùnrin tí mo fura sí náà wà láàárín wa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Dirẹkitọ̀ ló mú un wá kó wá dá ẹgbẹ́ fèrè idẹ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní fáńfáà, kí ilé-ìwé wa má baà tún fi àtẹ́wọ́ lásán yan lọ́jọ́ òmìnira. Ọmọ Manigri ni bíi tèmi, ṣùgbọ́n ó ti filé sílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Irun rẹ̀ ti ń funfun lẹ́bàá etí. Bàtà rẹ̀ dúdú, ó sì máa ń dán lójoojúmọ́, àní nígbà tí erùku ọyẹ́ bo gbogbo wa. Àwọn ọmọ ń pè é ní Ṣẹ́ẹ̀fù, ìyẹn ọ̀gá.

"Túnẹ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe," ó ń sọ fún wa. Túnẹ̀ ni àwọn olórin ń pe kí ẹgbẹ́ máa ti ìlú dé ìlú ṣeré. "Àjàṣẹ́ lónìí, Kútọnu lọ́la, a ò tíì sùn, ọkọ̀ ti ń lọ sí Àlàdá. Bí ìgbéjáde bá wà, aago méje àárọ̀ la ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Bàtà gbọ́dọ̀ dán. Ẹni tí bàtà rẹ̀ ò bá dán, kò ní bá wa fun."

Mo rò pé ìgbéjáde àwo orin ló ń wí. Mo bi í pé, "Àwo wo lẹ gbé jáde?"

Ó yíjú sí mi, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹni tó bá ni ìgbéjáde ló ni orúkọ, olùkọ́ ìṣirò. Tiwa ni ká fun fèrè."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi náà feyín hàn, ṣùgbọ́n mo fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn.

N kì í yára gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá ní òjò ń rọ̀, èmi á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta kí n tó káṣọ wọlé. Nítorí náà mo na ọwọ́ síta. Ta ló ń ṣe ìgbéjáde àwo orin láàárọ̀ kùtùkùtù? Olórin wo ni kò mọ orúkọ àwo tó fun fèrè sí? Mo wá orúkọ rẹ̀ lórí fóònù, n ò rí nǹkan kan. Àìrí kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lórílẹ̀-èdè wa kí fóònù tó dé ni kò sí lórí fóònù. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí kò tíì dá mi lójú.

Ǹ bá ti gbàgbé rẹ̀ bí kì í bá ṣe ti àbúrò mi.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ ń gbé yàrá kan ní Bassila. Ìyá wa wà ní Manigri, ó ń mójú tó oko iṣu àti oko kajú tí bàbá wa fi sílẹ̀. Àbúrò mi fìdí rẹmi nínú ìdánwò ní kọ́léèjì wa lọ́dún tó ṣáájú. Ó ti sọ fún wa pé ìwé ti sú òun, pé òun fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ilé fún ẹnì kan ní Kútọnu. Mo bá a sọ̀rọ̀ títí, kò wọ̀ ọ́ létí. Ìgbà tí fáńfáà dé ni ìwà rẹ̀ yí padà. Ṣẹ́ẹ̀fù ní ẹni tí iṣẹ́ ìwé rẹ̀ kò bá dára kò ní fọwọ́ kan fèrè, àbúrò mi sì fẹ́ fọwọ́ kan fèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣáájú mi. Lọ́jọ́ kan mo bá a tó ń ṣe ìṣirò tí ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣe.

Nígbà tí àsìkò kajú bẹ̀rẹ̀, ìyá mi ránṣẹ́ pè mí sílé. Mo bá a lóko lábẹ́ igi, ó ń yí kóró kajú kúrò lára èso rẹ̀, ó ń jù ú sínú agbọ̀n. Kò gbójú sókè.

"Wọ́n ní fèrè ni àbúrò rẹ ń fun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ta ló ń kọ́ ọ?"

Mo sọ fún un.

"Ọmọ ilé ẹ̀yìn mọ́sáláásí yẹn? Èyí tó lọ tí kò bọ̀?" Ó ju kóró kan sínú agbọ̀n. "Wọ́n ní àwọn ará ìsàlẹ̀ lápá Kútọnu lọ́hùn-ún, bí èèyàn wọn bá kú, fáńfáà ni wọ́n ń pè kó wá fun fèrè fún un. Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo fáńfáà kọ́ ló ń lọ síbi òkú. Ti àwọn ṣọ́jà wà. Ti ilé-ìwé wà."

"Tirẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ní ẹgbẹ́ olórin lòun bá rìn."

"Mo ní tirẹ̀ ńkọ́? N ò bi ọ́ ní ohun tó ní."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ ìlú wa. Bí èèyàn bá kú láàárọ̀ ní Manigri, àfi bí nǹkan ńlá bá dí wọn lọ́wọ́, ilẹ̀ kì í ṣú bá a lókè erùpẹ̀. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á kírun sí i lára, àwọn ọkùnrin á gbé e, wọ́n á sì yára rìn. Kò sí orin. Ìyá mi kò kórìíra orin, òun fúnra rẹ̀ ń kọ ọ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ohun tí kò lè gbà ni kí wọ́n dá òkú dúró sílẹ̀ kí wọ́n máa fi ṣeré.

"Bí kajú bá tán," ó ní, "kó o wá fẹnu ara rẹ sọ fún mi. Bó bá jẹ́ fèrè òkú ló fi ń kọ́ ọmọ mi, kó gbé e sílẹ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó máa fun."

Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tó bá gbé fèrè sílẹ̀, ìwé náà yóò bá a lọ. Ìyá mi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. N ò sì sọ ọ́ fún un, kó má dà bíi pé mo ti mọ èsì tí mo fẹ́ kí n tó lọ wádìí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dúró lẹ́yìn iṣẹ́ láti wo fáńfáà.

Mo tún gbọ́ àwọn ìtàn Ṣẹ́ẹ̀fù, mo sì fetí sí wọn bó ṣe yẹ. Ọjọ́ Ẹtì àti Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni gbogbo nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn. Ìyẹn kò burú, òpin ọ̀sẹ̀ ni ayẹyẹ ń wà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbọ́ orin nínú ìtàn rẹ̀ kì í jókòó. Wọ́n ń rìn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rìn níwájú, àwọn èèyàn ń rìn lẹ́yìn. Ó rántí oúnjẹ ìlú kọ̀ọ̀kan, ó rántí ibi tí ẹran ti pọ̀ àti ibi tí wọ́n ti fi ọtí sódabì ṣe wọ́n lálejò, ṣùgbọ́n kò rántí gbọ̀ngàn kan ṣoṣo. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá àwọn èèyàn kì í jó ni.

"Wọ́n ń jó," ó ní. "Lẹ́yìn náà."

"Lẹ́yìn kí ni?"

"Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹun, wọ́n á wá jó."

Kí ni iṣẹ́ olórin tó ń parí kí ijó tó bẹ̀rẹ̀? Mo gbé e yẹ̀ wò títí. N ò rí ohun tó bá a mu, bẹ́ẹ̀ ni n ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìyá mi dí àlàfo tí mi ò mọ̀ ọ́n dí. Ìfura rọrùn láti bọ́. Ohunkóhun tó bá rí ló ń jẹ.

Ìrìn tó kọ́ àwọn ọmọ náà tún wà ńbẹ̀. Ẹsẹ̀ kan á lọ síwájú, á dúró díẹ̀, kí èkejì tó wá bá a. Lọ́jọ́ kan dirẹkitọ̀ yọrí lójú fèrèsé. Ọmọ Bassila ni, Anii ni èdè rẹ̀, Faransé ló sì máa ń bá wa sọ.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, ṣé ẹyin lẹ gbé lé wọn lórí ni?" ó pariwo. "Ọjọ́ òmìnira là ń lọ o, ká tó débẹ̀ wọn á ti gba òmìnira míì!"

Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Ṣẹ́ẹ̀fù náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí àwọn ọmọ yára. Láti ọjọ́ yẹn ló ti fi òfin kan lélẹ̀: orin tó kọ́ wọn kò gbọdọ̀ falẹ̀.

Òfin yìí ló rú mi lójú jù. Olùkọ́ ni mí. N ò mọ ohun tí a kì í kọ́kọ́ rọra fi kọ́ ọmọ, ì báà jẹ́ ìwé kíkà, ì báà jẹ́ ìrun kíkí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá ń rọra wá ibi tí ìka rẹ̀ yóò tẹ̀ lára fèrè, Ṣẹ́ẹ̀fù á fọ̀pá lu bẹ́ǹṣì.

"Ẹ má fi falẹ̀! Bó bá ti falẹ̀, ó kú nìyẹn!"

Àwọn ọmọ rò pé àwàdà ni. Wọ́n á tún un sọ fún ara wọn lójú ọ̀nà, wọ́n á máa lu ara wọn lẹ́yìn: ó kú nìyẹn, ó kú nìyẹn.

Àbúrò mi rí i pé mò ń wá síbẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀ ni."

"N ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ń wò ó bíi pé ó jí ewúrẹ́ gbé."

"Mò ń wò ó ni."

"Ṣé èèyàn dáadáa kì í hàn lójú ni?"

"Rárá," mo ní. "Kì í hàn."

Ó káṣọ bora, ó kọjú sógiri. Mo mọ̀ pé kò tíì sùn.

Nígbà tí a gba ìsinmi díẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lóko ní Manigri. Kajú ti ń tán, ìyókù tó wà nílẹ̀ là ń ṣà. Ṣẹ́ẹ̀fù ti gba àbúrò mi láyè láti gbé fèrè lọ sílé kó máa fi kọ́ra. Ọmọ náà jókòó sórí àpò kan lábẹ́ igi, ó ń fun orin ọjọ́ òmìnira. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí ìka rẹ̀ kò tíì mọ̀. Níwọ̀n bí Ṣẹ́ẹ̀fù kò ti sí níbẹ̀ láti fọ̀pá lu nǹkan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fun un, ohùn kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń fi òkúta sọdá odò.

Mo nàró. Mo mọ orin náà.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní ìsàlẹ̀, bàbá ọmọ kíláàsì wa kan kú, gbogbo wa sì bá a lọ sí Àjàṣẹ́. Èyí ni òkú àwọn ará ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo lọ. A dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí láàárọ̀. Àwọn ọkùnrin kan tò lọ́tùn-ún lósì pẹ̀lú fèrè idẹ lọ́wọ́, bàtà wọn dúdú, ó ń dán. Ọmọ kíláàsì mi fà mí sẹ́yìn, ó fi Faransé sọ fún mi pé wọ́n ti fẹ́ gbé e jáde. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, pósí yọ, fèrè sì dún. Orin ìjọ ni. Wọ́n fun un falẹ̀falẹ̀, ẹsẹ̀ kan síwájú, ìdúró díẹ̀, ẹsẹ̀ kejì. Mo rántí pé mo fọwọ́ bo ẹnu mi, nítorí n ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dùn létí.

Ní Yorùbá, kí lèèyàn máa pe ohun tí wọ́n ṣe láàárọ̀ yẹn bí kì í bá ṣe ìgbéjáde?

Mo ní kí àbúrò mi tún un fun, kó yára. Ó yára. Ọjọ́ òmìnira ni mo gbọ́, àti àwọn ọmọdé tó ń yan. Mo ní kó tún rọra fun un. Àjàṣẹ́ ni mo gbọ́. Mo tún ní kó yára.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń wá nínú ẹ̀?" ó bi mí.

Ìyá mi ti dáwọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n rẹ̀. "Kó rọra fun un," ó ní. "Bó ṣe rọra yẹn ló dùn. Ó dà bíi pé ó ń bẹ èèyàn. Kí ló ń sọ?"

"N ò mọ ohun tó ń sọ, Ìyá," mo dáhùn.

Òtítọ́ ni. N ò mọ ọ̀rọ̀ orin náà, ibi tí mo ti gbọ́ ọ ni mo mọ̀. Ìyá mi wò mí, ó tún padà sídìí kóró kajú rẹ̀.

Nígbà tí a wọlé padà, mo dúró kí àwọn ọmọ lọ tán, mo wá bá Ṣẹ́ẹ̀fù nínú kíláàsì tó ń lò. Ó ń fọ ẹnu àwọn fèrè nínú abọ́ omi ọṣẹ, ó ń tò wọ́n sórí aṣọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì fi imú kọ orin náà bí àbúrò mi ṣe fun un lóko.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi.

"Ta ló fun un báyẹn fún ọ?"

"Àbúrò mi."

"Ọmọ yẹn kò gbọ́ràn!" ó ní. "Mo ní kó má fi falẹ̀!"

Mo ti rò pé yóò sẹ́. Mo ti to gbogbo ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀ lọ́kàn mi, ti Ọjọ́ Ẹtì, ti ìrìn, ti bàtà, ti ijó tó ń dúró de oúnjẹ. Kò jẹ́ kí n lo ọ̀kankan. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, orúnkún rẹ̀ sì ga bá àyà rẹ̀.

"Ìwọ náà ti dé ìsàlẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Mo ti gbàgbé pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń dé ibi gbogbo."

"Ṣé irọ́ ni ti ẹgbẹ́ olórin?"

"Kì í ṣe irọ́. Ẹgbẹ́ olórin ni mo kọ́kọ́ bá lọ. Onígìtá wà, àwọn obìnrin tó ń gberin wà. A dé Lomé, a kọjá Lomé. Ìgbà tó yá, ẹ̀rọ dé. Ẹni tó ń gbéyàwó á so fóònù rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó parí. Àwọn alààyè kò pè wá mọ́, olùkọ́. Àwọn òkú nìkan ló ṣẹ́kù tó ń pe èèyàn."

"Ṣé fọ́tò ẹgbẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ yín?"

"Omi wọ̀ ọ́."

Omi wọ̀ ọ́. Èsì tí gbogbo òpùrọ́ ń fọ̀ nìyẹn, òun náà sì ni gbogbo ẹni tí omi ba fọ́tò rẹ̀ jẹ́ lóòótọ́ ń fọ̀. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Nínú gbogbo orin tó wà láyé, kí ló dé tó jẹ́ ìyẹn lẹ fi kọ́ wọn?"

"Òun ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fun un títí, àwọn ìka mi kì í bi mí mọ́ kí wọ́n tó lọ síbẹ̀. Mo mú kó yára. Bó bá yára, ta ló máa dá a mọ̀ ní Bassila níbí? Ìmáàmù ni?"

"Ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ fi orin òkú yan níwájú àwọn aláṣẹ."

"Orin tó ń yára," ó ní. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Kí lo máa sọ fún ìyá rẹ?"

Kò yà mí lẹ́nu pé ó ti gbọ́. Ọ̀nà Manigri sí Bassila kò gùn fún ọ̀rọ̀.

"Ohun tó bi mí."

"Á gba fèrè lọ́wọ́ ọmọ náà."

"Mo mọ̀."

"O rí ìwé ọmọ yẹn báyìí? O rí bó ṣe ń ṣe?"

"Mo rí i. Inú yàrá kan náà la ń sùn."

Mo wò ó dáadáa. N ò lè sọ bóyá àbúrò mi ló ń rò tàbí ara rẹ̀, nítorí bí ìyá kan bá gba fèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, àwọn ìyá yòókù á gbọ́, dirẹkitọ̀ á sì gbọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ méjèèjì. Mo sọ fún un pé n ò ní purọ́ fún ìyá mi, n ò sì ní sáré lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ìyá mi ń bọ̀ wá tajà ní Bassila. Màá mú un wá sí ilé-ìwé, kí Ṣẹ́ẹ̀fù fúnra rẹ̀ sọ fún un.

"Ìwọ olùkọ́ ìṣirò yìí," ó ní, "o le o."

Ìyá mi dé lọ́sàn-án tí ọjà ń tú, pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo lórí. Àwọn ọmọ fáńfáà ti tò sínú ọgbà. Ṣẹ́ẹ̀fù dọ̀bálẹ̀ tòun ti bàtà dídán.

"Ẹ kú ọjà, Ìyá. Ẹ kú ọ̀nà."

"Ọmọ ilé ẹ̀yìn mọ́sáláásí. O ti darúgbó."

"Ìrìn ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Ìrìn ibo?"

Ó wò mí. N ò ràn án lọ́wọ́.

"Ìrìn òkú, Ìyá," ó ní. "Iwájú pósí ni mo ti ń fun fèrè. Ó pẹ́ díẹ̀."

Àbúrò mi kò wo Ṣẹ́ẹ̀fù, èmi ló ń wò, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n.

"Orin tí ọmọ mi fun lábẹ́ kajú ńkọ́?"

"Tàwọn òkú náà ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n mo ti mú kó máa sáré."

Ìyá mi rò ó wò. "Bí o bá ní kí òkú máa sáré," ó bi í, "ṣé ó ti jí nìyẹn?"

Ọmọ kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ó kú nìyẹn!" Ẹ̀rín gba gbogbo ọgbà. Ṣẹ́ẹ̀fù fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí wọ́n rín in tán.

"Àwọn tó ń rìn lẹ́yìn pósí, kí ni fèrè ń ṣe fún wọn?"

"Ẹkún kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn gbé, Ìyá. Bí fèrè bá ṣíwájú, ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ pé ó ń ṣe."

"Òkú fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Kì í gbọ́. Mo ti wò wọ́n dáadáa."

"Ó dáa tó o mọ ìyẹn," ìyá mi wí.

Àbúrò mi ti tẹ̀ ba, ó ń gbé fèrè rẹ̀ lé orí bẹ́ǹṣì.

"Ta ló ní kó o gbé e sílẹ̀?" ìyá mi bi í. Ó tún yíjú sí Ṣẹ́ẹ̀fù. "Ìyá rẹ ń kọrin bó bá ń ru iṣu bọ̀ láti oko. Gbogbo wa ń gbè é. Ṣé o ti gbàgbé rẹ̀ ni?"

Kò dáhùn. N ò mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn túmọ̀ sí, títí di òní. Ó lè jẹ́ pé ó ti gbàgbé. Ó lè jẹ́ pé ó rántí ju bó ṣe fẹ́ ká mọ̀ lọ. Ìyá mi kò dúró dè é. Ó gbé agbọ̀n òfìfo padà sórí bíi pé iṣu kún inú rẹ̀, ó sì kọ orin náà nínú ọgbà kọ́léèjì, níwájú dirẹkitọ̀ tó ti jáde wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀fù ní kó jọ̀wọ́ tún un kọ. Ó gbé fèrè àbúrò mi lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń fi í wá ohùn ìyá mi kiri títí tó fi bá a.

"Èyí ni kó o fi kọ́ wọn," ìyá mi wí. "Bí mo bá tún gbọ́ ti pósí létí ọmọ mi, màá wá mú un lọ sílé."

Orin rírù iṣu kọ́ ni orin yíyan. Ẹni tó ru iṣu kì í sáré. Lọ́jọ́ òmìnira, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ dàrú níwájú àwọn aláṣẹ, dirẹkitọ̀ sì fi fìlà rẹ̀ bojú bí ẹni tí oòrùn ń pa. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Manigri tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà gba orin náà, wọ́n ń gbè é títí àwọn ọmọ fi kọjá. Ìyá mi wà láàárín wọn. Àbúrò mi ti yege kó tó di ọjọ́ náà, kò sì sọ̀rọ̀ Kútọnu mọ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n orin ìyá mi kò ní ìparí. Ẹni tó ń ru iṣu á máa kọ ọ́ títí á fi délé. Bó bá délé, á sọ ẹrù, á dákẹ́. Fáńfáà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ parí orin fún àwọn aláṣẹ láti pàtẹ́wọ́. Ṣẹ́ẹ̀fù wá ìparí kan so mọ́ ọn, ohùn bíi mélòó kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo ti gbọ́ ọ nígbà púpọ̀. Mo rò pé mo mọ ibi tó ti mú un wá. N ò lè búra. Ọ̀pọ̀ orin ló ń parí nípa sísọ̀ kalẹ̀.

Mo bi í. Ó ń nu bàtà rẹ̀.

"Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò!" ó ní. "Ẹ máa ń rí òkú níbi tí iṣu wà."

N ò tíì sọ ọ́ fún ìyá mi. N ò tíì ní ohun tí mo lè fẹnu ara mi sọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nínú yàrá wa, mo bẹ àbúrò mi pé kó gbé fèrè, kó fun ìparí nìkan fún mi, kó rọra.

Ó fi aṣọ nu ẹnu fèrè. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, bí èmi ṣe máa ń wo èèyàn.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "Ṣẹ́ẹ̀fù ní ká má fi falẹ̀."